Ta Ló Ni Àṣẹ Lórí Aṣọ Ọrùn Òṣìṣẹ́?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ooru mú ní ìlú Nantes lórílẹ̀-èdè Faransé débi pé ara àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìgboro kò gbà á mọ́. Gíláàsì ló yí ibi ìjókòó awakọ̀ ká, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án dà bí ẹni tó jókòó ti ààrò. Òfin iléeṣẹ́ wọn kò gba ọkùnrin láyè láti wọ ṣòkòtò péńpé, ṣùgbọ́n ó gba obìnrin láyè láti wọ síkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ibi tó ti sọ pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, bóyá nítorí pé kò wá sọ́kàn ẹni tó kọ òfin náà pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ láé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ọkùnrin kan ṣe wọ síkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n jókòó sídìí ọkọ̀, tí wọ́n sì ń gbé èrò kiri ìgboro pẹ̀lú irun ẹsẹ̀ wọn níta. Kò pẹ́ sígbà náà tí iléeṣẹ́ fi yọ̀ǹda ṣòkòtò péńpé fún wọn.

Ìròyìn náà pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rìn-ín, síbẹ̀ gbogbo ohun tó máa ń dàrú mọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ lójú nípa òfin aṣọ ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀wọ̀ èrò ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí ojúgun hàn, ojúgun obìnrin tó wọ síkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Bó bá sì jẹ́ pé ewu ni, ewu wo ni orúnkún tí kò láṣọ lórí fẹ́ mú bá ọkọ̀ wíwà? Ìgbà tí a kò bá rí ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni a máa ń mọ̀ pé òfin tí a ń pa mọ́ ti sọ ìdí rẹ̀ nù, tàbí pé kò fìgbà kan ní in.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á mọ̀ pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń dì pọ̀ sínú ìwé òfin aṣọ kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni aṣọ ààbò, bí akoto lórí òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́, bàtà tí wọ́n fi irin sí níwájú, tàbí ìbòrí tí kì í jẹ́ kí irun já sínú oúnjẹ tí à ń sè fún títà. Èkejì ni aṣọ ìdánimọ̀, tí ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ yóò fi mọ èwo ni ọlọ́pàá, èwo ni nọ́ọ̀sì, èwo ni ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Ẹ̀kẹta ni aṣọ ìrísí, èyí tí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, tí kò sì fi ẹnikẹ́ni hàn, bí kò ṣe pé ọ̀gá fẹ́ kí iléeṣẹ́ òun dára lójú ẹni tó bá wọlé. Orí ẹ̀kẹta yìí ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé ó máa ń yá àṣẹ àkọ́kọ́ lò. Ojú ewé kan náà ni wọn yóò kọ akoto àti àwọ̀ ìbọ̀sẹ̀ sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ líle kan náà, títí òṣìṣẹ́ yóò fi rò pé ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ pupa ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu.

Òfin tó nídìí lè máa ni ènìyàn lára, kò sì ní tìtorí èyí di òfin burúkú. Ní England, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, wọ́n ní kí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba máa fi ọwọ́ wọn sílẹ̀ ní gbangba láti ìgúnpá dé ọmọ ìka nígbà tí wọ́n bá ń tọ́jú aláìsàn: kò sí ẹ̀wù alápá gígùn, kò sí aago ọwọ́, ẹ̀gbà ọwọ́ náà kò sí. Ọ̀pọ̀ dókítà kò fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá àwọn tí ẹ̀wù funfun gígùn ti di iyì fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ẹni tó ń kùn jù lọ nínú wọn, yóò sọ ìdí òfin náà fún yín láìwo ìwé: a kì í lè fọ ọrùn ọwọ́ dáadáa nígbà tí aago bá wà níbẹ̀, etí apá ẹ̀wù sì lè gbé kòkòrò àrùn láti orí ibùsùn kan dé òmíràn. Ìwọ̀n tí mo máa ń lò nìyẹn. Bí a bá rú òfin kan lónìí, kí ni yóò bàjẹ́ nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀? Bí ìdáhùn bá wà, kí á fara da ìnira rẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá ju pé “bí a ti ń ṣe é nìyẹn” lọ, a ní láti tún un yẹ̀ wò.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù lọ ni ti bàtà onígìgísẹ̀ gogoro. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, obìnrin kan tí iléeṣẹ́ agbanisíṣẹ́ kan rán lọ ṣe agbàlejò ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ dúdú tó mọ́ tónítóní. Wọ́n ní kò lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, pé bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó ínṣì méjì sí mẹ́rin ni òfin wí. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni kí ó máa sin àlejò láti ẹnu ọ̀nà lọ sí yàrá ìpàdé fún wákàtí mẹ́sàn-án. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí bàtà pẹlẹbẹ yóò dí lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà, ó sì bi wọ́n bóyá ọkùnrin tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí yóò wọ gogoro. Wọn kò fún un ní ìdáhùn tó nítumọ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé, wọn kò sì san owó ọjọ́ náà fún un.

Ẹni tí kò bá wọ bàtà yìí rí lè rò pé àsọdùn ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ dúró lórí ìka ẹsẹ̀ níbi tí ẹ wà yìí fún ìṣẹ́jú méjì péré. Gbogbo ìwúwo ara ti kúrò ní gìgísẹ̀, ó ti wá sórí iwájú ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti le, ìbàdí ti yí síwájú kí ẹ má baà ṣubú. Ẹ wá fi ìka márààrún sínú bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí ẹ sì máa rìn lórí ilẹ̀ tó ń dán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tó bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kúrú, egungun ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè yọ jáde. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ nítorí pé ó wù ú, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu; bàtà náà lẹ́wà. Òfin tó sọ ẹwà di dandan, tó sì di ìrora rẹ̀ ru apá kan àwọn òṣìṣẹ́ nìkan, ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ní ọdún 2016, obìnrin náà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, àwọn tó lé ní 150,000 sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ẹ̀rí tí àwọn obìnrin mìíràn mú wá ju ọ̀rọ̀ bàtà lọ: ẹnì kan ní wọ́n ní kí òun pa irun òun láró, ẹlòmíràn ní wọ́n ní kí òun máa wọ aṣọ tó ń ṣí ara sílẹ̀, ẹlòmíràn ní wọ́n ń ṣọ́ òun pé kí òun máa tún àtíkè kùn. Ìjíròrò wáyé ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tó ń fojú bá ọ̀rọ̀ náà lọ ti ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de bàtà gogoro níbi iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ní òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010 ti tó láti fi dá irú ìyà bẹ́ẹ̀ dúró, wọ́n sì gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní ọdún 2018. Àwọn tó yí òfin fúnra rẹ̀ padà ni ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, àti orílẹ̀-èdè Philippines, tó pàṣẹ ní ọdún kan náà pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi dandan mú òṣìṣẹ́ tó ń dúró ṣiṣẹ́ láti wọ bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga ju ínṣì kan lọ. Ní Japan, Ishikawa Yumi gbé irú ìjà yìí dìde ní ọdún 2019, ó sì fi eré ọ̀rọ̀ sọ ọ́ lórúkọ: ọ̀rọ̀ tó dúró fún bàtà àti èyí tó dúró fún ìrora jọra gan-an ní èdè wọn, ó sì rọ àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ #MeToo, orúkọ ìpolongo tí àwọn obìnrin fi ń tako ìfìbálòpọ̀-fìtínà, ó wá di #KuToo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ òfin ti ń rú àwọn èèyàn lójú jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí òfin ìjọba bá kọ ojúsàájú láàárín ọkùnrin àti obìnrin, dandan ni kí aṣọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn ilé ẹjọ́ kì í sábà wò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹrù tí a gbé lé ẹgbẹ́ kan wúwo ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ. Iléeṣẹ́ lè sọ pé kí ọkùnrin so táì, kí obìnrin sì wọ aṣọ tó bójú mu ní ìwọ̀n ìmúra kan náà, kí ilé ẹjọ́ má sì rí ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọn ẹrù náà, òṣùwọ̀n wo ni yóò sì lò?

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ méjì láti Amẹ́ríkà hàn yín. Ní ọdún 1989, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ lórí ọ̀ràn Ann Hopkins, tó mú owó iṣẹ́ ńlá wọlé fún iléeṣẹ́ ìṣirò owó Price Waterhouse, ṣùgbọ́n tí wọn kò fi ṣe alábàáṣiṣẹ́pọ̀ onípìn-ín. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un ni pé kó máa rìn bí obìnrin, kó máa sọ̀rọ̀ bí obìnrin, kó máa kun àtíkè, kó ṣe irun rẹ̀, kó sì máa lo ohun ọ̀ṣọ́. Kò sí èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé òfin aṣọ kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ẹnu ló wà. Ilé ẹjọ́ sọ pé ojúsàájú ni láti fi irú ojú bẹ́ẹ̀ díwọ̀n òṣìṣẹ́. Ó yẹ kí ọ̀ràn náà parí síbẹ̀. Àmọ́ ní ọdún 2006, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan gbọ́ ẹjọ́ Darlene Jespersen, tó ti gbé ọtí fún oníbàárà fún nǹkan bí 20 ọdún nínú ilé tẹ́tẹ́ kan ní Reno, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó kọ̀ láti kun àtíkè nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di dandan fún obìnrin nìkan. Ó pàdánù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ ní kò mú ẹ̀rí wá láti fi hàn pé owó àti àkókò tí àtíkè ń gbà lọ́wọ́ obìnrin ju ohun tí irun gígẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ọkùnrin lọ. Èmi kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni mú ẹ̀rí wá pé àtíkè ń gba owó, bí ẹni tí a ní kó jẹ́rìí sí i pé omi máa ń tutù. Síbẹ̀, ó kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ fi òfin aṣọ pe ẹjọ́ ní láti kó rìsíìtì dání.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti irun orí rọrùn díẹ̀ ju èyí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà pípẹ́ ni kò fi rọrùn. Ní ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ọ̀dọ́bìnrin Mùsùlùmí kan láre lórí iléeṣẹ́ atàṣọ Abercrombie & Fitch, tí kò gbà á síṣẹ́ nítorí pé ìborùn rẹ̀ kò bá òfin ìrísí wọn mu; mẹ́jọ nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ló fara mọ́ ìdájọ́ náà. Ní ọdún 2019, California di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ tó fi òfin dáàbò bo irun dídì, dàda àti irun tí a kò nà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé bí irun ṣe ń hù lórí ènìyàn dúdú kò bá ọ́fíìsì mu.

Iléeṣẹ́ mìíràn kò ní ìkà nínú ní tirẹ̀. Wọn kò kàn mọ ibi tí òfin ti yẹ kó dúró ni. Ní ọdún 2010, báńkì UBS ní Switzerland kọ ìwé ìtọ́sọ́nà aṣọ tí ojú ewé rẹ̀ lé ní 40 fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kan. Ó dé orí àwọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin, ó sì kan òórùn ẹnu ẹni tó bá jẹ aáyù. Ayé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi gé ìwé náà kúrú. Ìṣòro òdìkejì rẹ̀ ni ìwé tí kò sọ nǹkan kan, irú èyí tó ń sọ pé “ẹ múra ní fàájì ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́”. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ìdàrúdàpọ̀ yìí ní ìtàn. Ní Hawaii, láti ọdún 1966, àwọn oníṣòwò aṣọ ti jẹ́ kí ẹ̀wù olódòdó di aṣọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tí àṣà náà tàn káàkiri Amẹ́ríkà, tí àwọn ọ̀gá kò mọ ohun tí wọn yóò gbà àti ohun tí wọn yóò kọ̀, Levi's tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan ní ọdún 1992, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn alábòójútó òṣìṣẹ́ tó tó 25,000 láti ṣàlàyé bí a ṣe ń wọṣọ fàájì lọ síbi iṣẹ́. Ẹ kò ní yà lẹ́nu láti gbọ́ pé àwòrán ṣòkòtò tí àwọn fúnra wọn ń tà ló kún inú rẹ̀.

Láàárín òfin tó le koko àti òfin tí kò ṣeé dìmú ni eré inú ìmúra ń gbé. Mo ní alábàáṣiṣẹ́ kan nígbà kan, kóòtù dúdú àti táì dúdú ni lójoojúmọ́, ìrísí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú. Lọ́jọ́ kan tí ooru mú, ó bọ́ kóòtù náà, ó sì fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Pẹ́pẹ́yẹ aláwọ̀ ìyeyè ló kún aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n ń lọ ní ìlà-ìlà láti èjìká dé ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú akoto pupa kékeré. Ọdún kẹrin tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kò sí òfin kan tó rú, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé kò múra bó ti yẹ. Ó kàn ti fi ibi tí òfin kò dé ṣe ilé fún ara rẹ̀ ni.

Eré yìí lè jẹ́ iṣẹ́ gan-an nígbà mìíràn. Madeleine Albright, ẹni tó ṣojú Amẹ́ríkà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó tó di akọ̀wé ìjọba fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 1997, sọ bíróòṣì tó ń há mọ́ àyà aṣọ di èdè. Lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn ìjọba Iraq pè é ní ejò, ó há ejò oníwúrà mọ́ aṣọ lọ sí ìpàdé tí wọ́n ti ń jíròrò lórí Iraq. Nígbà tí àṣírí tú pé àwọn ará Rọ́ṣíà gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀-ìkọ̀kọ̀ pa mọ́ sínú iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, kòkòrò ńlá kan ló há láyà lọ bá wọn, nítorí pé orúkọ kan náà ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pe kòkòrò àti irú ẹ̀rọ yẹn. Bí ìjíròrò bá ń falẹ̀, ìjàpá tàbí alákàn ló ń há. Aṣọ rẹ̀ bá gbogbo ìlànà iṣẹ́ aṣojú mu láti òkè délẹ̀, ohun tí kò ju ọmọ ìka lọ ló sì fi ń ṣe àwàdà. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé ṣe máa ń wọ ẹ̀wù iṣẹ́ tí wọ́n ya ẹran àti ìràwọ̀ sí: ọmọ tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ yóò rí ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀.

Eré tí a fi dandan mú ènìyàn ṣe ti kúrò ní eré, èyí sì ni àwọn ọ̀gá ọlọ́yàyà kò máa ń fura sí. Ọjọ́ tí iléeṣẹ́ bá pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn wọ fìlà aláwàdà tàbí ẹ̀wù aláràbarà, wọ́n ti kọ òfin aṣọ tuntun nìyẹn, ó sì lè wúwo ju ti táì lọ fún ẹni tí ojú ń tì, ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á, tàbí ẹni tí kò lówó láti ra aṣọ ọjọ́ kan péré. Kí wọ́n ṣí àyè sílẹ̀, kí ẹni tó bá wù kó wọ ibẹ̀.

Bí òfin kan bá ń pọ́n yín lójú, ẹ má fi síkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ bí àwọn ará Nantes, bó ti wù kó dùn tó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè fún òfin náà ní àkọsílẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ òfin aṣọ kò sí níbì kankan ju ẹnu alábòójútó kan lọ. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ẹ bi wọ́n bóyá ó kan gbogbo èèyàn bákan náà, kí ẹ sì gbé ohun mìíràn kalẹ̀ tí yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Bó bá kan ìlera, ìwé dókítà máa ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Ẹ tọ́jú rìsíìtì bàtà àti ti àtíkè. Ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Reno. Bí agbanisíṣẹ́ bá sì ń ka èyí, òfin tí kò bá lè gbé ìdí rẹ̀ sínú gbólóhùn kan, kí ó wọ́gi lé e kí ẹlòmíràn tó bá a fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mary Barra ṣe é ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ní Amẹ́ríkà nígbà tó jẹ́ alábòójútó àgbà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó gba ìwé òfin aṣọ olójú ewé mẹ́wàá, ó sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀: kí olúkúlùkù múra bó ti yẹ. Láìpẹ́, ọ̀gá ẹ̀ka kan kọ̀wé sí i pé òfin náà kò tó, nítorí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ òun máa ń bá àwọn aṣojú ìjọba ṣèpàdé òjijì, bí wọ́n bá sì wọ jíǹsì lọ́jọ́ náà ńkọ́? Barra ní kó bá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó kí wọ́n jọ wá ojútùú sí i. Ìgbà tó padà pè é, ó ní wọ́n ti rí i ṣe. Àwọn mẹ́rin tó máa ń lọ bá ìjọba ṣèpàdé ti gbà láti máa fi ṣòkòtò tó gún régé kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn níbi iṣẹ́.